Aṣọ Ni Mo Fi Ń Wo Àwòrán

Lọ́dún 2016, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ eré orí ìtàgé wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún aṣọ ṣe ní Peckham, ó na fóònù sí mi. Àwòrán ọkùnrin kan àti obìnrin kan ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin dé fìlà ràgàjì kan tó dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, obìnrin wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tó wọ́ nílẹ̀ gbàràgàdà. Ó ní irú aṣọ obìnrin yẹn ni òun fẹ́ wọ̀ nínú eré kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Mo wo fóònù náà fún bí ìṣẹ́jú kan, mo ní kò sóhun tó le níbẹ̀. Mo wọn ọmọ náà, mo gba àsansílẹ̀, mo gé aṣọ. Nígbà tó padà wá láti wọ̀ ọ́ wò, ó bá a pé mo ti ki fóòmù sí ikùn aṣọ náà, mo sì fi pílíìtì yí i ká kí ó lè gba oyún oṣù méje. Ẹ̀rín pa á. Ó ní obìnrin inú àwòrán kò lóyún. Mo ní báwo, ṣé ojú mi ni kò ríran ni? Ó ní aṣọ ló pọ̀, obìnrin náà ló kó o jọ tó gbé e mọ́ iwájú ara rẹ̀. Ó wá bi mí bóyá mo ti fojú ara mi rí àwòrán yẹn rí, nítorí inú London níbí ló wà, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Ojú tì mí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Ìró òfì ni mo fi ń jí láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Mọ́kọ́lá, n’Íbàdàn, kí n tó ṣe fìrídọ́ọ̀mù. Ọ̀gá mi ní òfin méjì tí kì í jẹ́ ká gbàgbé: má gé aṣọ kí o tó wo ẹni tó ni ín dáadáa, má sì gé e kí ó tó san ìdajì owó. Mo ti pa ìkejì mọ́. Àkọ́kọ́ ni mo fi ṣeré, torí ọmọbìnrin yẹn nìkan ni mo wò, n kò wo ẹni tó ni aṣọ gan-an.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, mo wọ bọ́ọ̀sì 12, ó gbé mi dé Trafalgar Square. Láti ọdún tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ti ń kọjá níwájú National Gallery. Àwọn òpó ńláńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ti jẹ́ kí n gbà pé ẹjọ́ ni wọ́n ń dá níbẹ̀, mo sì máa ń sáré kọjá. Ọdún 1824 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ fún aráàlú, àfi èmi tí mo rò pé adájọ́ ló wà nínú ilé.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé àwòrán náà kéré. Sẹ̀ǹtímítà 82 ni gíga rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 60. Kò tó ìdajì tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Jan van Eyck ló kùn ún sórí pákó igi óákù lọ́dún 1434. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwòrán náà dá lórí ìdílé Arnolfini, àwọn ará Lucca ní Ítálì tí wọ́n wá ń ṣòwò ní Bruges, ìlú tó wà ní Belgium lónìí. Òwò kí sì ni? Òwò aṣọ! Ká ní mo ti mọ ìyẹn ni, ǹ bá ti mọ̀ pé irú wọn kì í fi aṣọ ṣòfò láìnídìí.

Mo sún mọ́ ọn débi tí ẹ̀ṣọ́ fi wúkọ́. Aṣọ òkè tí obìnrin náà wọ̀ nípọn, irun ẹranko funfun ni wọ́n sì fi ṣe láínì rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ó gùn ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ jìnnà. Bí ó bá fi í sílẹ̀, kò ní lè gbẹ́sẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ òsì kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó gbé e sí ikùn, irun funfun yẹn yọ síta, aṣọ búlúù tó wà lábẹ́ náà yọjú nísàlẹ̀. Aṣọ tó nípọn tó báyẹn, tó tún ní irun nínú, bí ẹ bá kó o jọ, kò lè sùn, wíwú ni yóò wú. Télọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí. Ẹ̀bẹ̀ sì ni mo bẹ ara mi níbẹ̀, torí pé irú rẹ̀ wà nílé wa. Bàbá tó da agbádá sányán bora kì í ní kí télọ̀ gé apá rẹ̀ kúrú kó má baà máa ká a sí èjìká. Kíká yẹn gan-an ni agbádá. Bí ó ti ń ká a tó tún ń já bọ́, tó tún ń ká a, ìyẹn ni gbogbo ọjà á fi mọ̀ pé aṣọ kò wọ́n òun. Ohun tí obìnrin Bruges yìí ń ṣe náà nìyẹn, mo wá lọ ki fóòmù sí i.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tú ikùn aṣọ náà, mo yọ fóòmù, mo fi yáàdì kan àbọ̀ kún gígùn iwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wọ̀ ọ́, ó kó o jọ, ó gbé e sókè síwájú ara rẹ̀. Oyún sì yọ.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lóṣù àkọ́kọ́, mo ń sáré láti yàrá kan bọ́ sí èkejì bí ẹni tó ń wá ọmọ tó sọnù lọ́jà Ọjà-Ọba. Ẹsẹ̀ á máa ro mí, bí mo bá délé n kò ní lè sọ ohun kan tí mo rí. Mo wá pinnu pé àwòrán kan ṣoṣo ni máa máa bá lò lọ́jọ́ kan. Máa wá bẹ́ǹṣì, máa jókòó tì í, bí ó bá ti sú mi, máa lọ jẹun. Mo lo Sunday mẹ́rin lórí ti Van Eyck yẹn nìkan. Lọ́jọ́ kejì ni mo rí dígí roboto tó wà lẹ́yìn wọn, tó ń fi ẹ̀yìn tọkọtaya náà hàn àti àwọn méjì míì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi témi náà dúró sí. Lókè dígí, ó kọ ọ́ lédè Látìn pé Jan van Eyck wà níbí, ó sì kọ ọdún sí i. Lọ́jọ́ kẹta mo wá ajá kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ wọn nínú dígí yẹn, n kò rí i. Ajá wà nílẹ̀, kò sí nínú dígí. Mo ṣì ń bá a jà.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ewé yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Ó jinlẹ̀ bí omi kànga. Mo lọ kà nípa rẹ̀, mo rí i pé Van Eyck kò kùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Epo ló fi ń po ọ̀dà rẹ̀, á kun ìpele kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á jẹ́ kó gbẹ, á kun òmíràn lé e, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọ inú ìpele wọ̀nyẹn tó sì ń ti ìsàlẹ̀ padà jáde. Ìyá bàbá mi aláró kò gbọ́ orúkọ Bruges rí kó tó kú, ṣùgbọ́n ká ní mo mú un débẹ̀, ó máa mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe. Aṣọ tí wọ́n rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan, àyìnrín ló máa jẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún un rì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún un rì, títí yóò fi dúdú débi tí ó máa ń dán. Kò sí bí ẹ ṣe lè da aró púpọ̀ sínú ìkòkò kan kí ẹ fi rí ìyẹn gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. National Gallery ra àwòrán yìí lọ́dún 1842 ní £600. Mo ti rán aṣọ ìgbéyàwó tí owó rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ayàwòrán tó ń jẹ́ Holbein, èyí tí wọ́n ń pè ní The Ambassadors, kò gba àkókò lọ́wọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1533 ni, ó tóbi, ó ga tó èèyàn, agbárí òkú kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ṣe wọ́rọ́wọ́rọ́, ẹ ò ní mọ ohun tó jẹ́ àfi bí ẹ bá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún kí ẹ wò ó láti ibẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń sáré lọ síbi agbárí. Apá aṣọ ọkùnrin tó wà lápá òsì ni tèmi, sátíìnì aláwọ̀ pọ́ńkì tó ń dán gbinrin, tí wọ́n la lálàlà kí aṣọ inú lè yọ. Ẹni ọdún 29 ni ọkùnrin yẹn. Bí èmi náà bá ti ní irú apá aṣọ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọdún 29, ta ni ìbá bá mi sọ̀rọ̀ ikú?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mo ń lọ.

Nínú yàrá àwọn ará Ítálì, láàárín àwọn ẹni mímọ́ àti àwọn ọlọ́lá, mo ṣèèṣì gbójú sókè, mo sì rí ọkùnrin kan tó mú àlùmọ́gàjí dání. Àlùmọ́gàjí gidi, onírin, èyí tó tóbi. Aṣọ dúdú wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà funfun sí i. Ó ti fẹ́ gé e, ó dáwọ́ dúró, ó gbójú sókè, èmi ló ń wò. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: The Tailor. Télọ̀! Giovanni Battista Moroni ló yà á, láàárín ọdún 1565 sí 1570, ẹ̀gbẹ́ Bergamo níhà àríwá Ítálì ni ọ̀gbẹ́ni náà ń gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, omi bọ́ lójú mi. Kì í ṣe pé àwòrán náà bani nínú jẹ́. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn kan wà tó máa ń ju ṣòkòtò sórí káńtà, wọ́n á ní kí n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa bá fóònù wọn lọ, wọ́n á gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á jáde. Wọn kò ní wo ojú mi. Bí wọ́n bá rí mi nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì, wọn kò ní mọ̀ mí. Mo ti fara mọ́ ọn, owó kúkú ń wọlé. Àfi bí mo ṣe rí ẹni tó gbé iṣẹ́ mi sórí aṣọ kan náà tí wọ́n fi ń ya bíṣọ́ọ̀bù, tó fún un ní àyè tó gba ògiri, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní kó bọ́ àlùmọ́gàjí sílẹ̀ kó tó ya òun. Nígbà yẹn, kì í ṣe irú wọn ni àwọn ayàwòrán máa ń yà báyẹn. Àwọn tó ń wọ aṣọ ni wọ́n ń yà.

Mo lo oṣù méjì lórí télọ̀ yìí. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù ni ojú rẹ̀. Ẹ ó rí ojú yẹn lọ́wọ́ gbogbo télọ̀ tó bá mọṣẹ́. Kì í ṣe ojú ìkíni, kì í sì í ṣe ojú ìbínú. Ó ń fi ojú wọ̀n yín ni. Ó ti mọ̀ pé èjìká yín kan wálẹ̀ ju èkejì lọ, ó mọ̀ pé ẹ máa ní ikùn yín kò tóbi tó báyìí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dúró síwájú rẹ̀, mo rí i pé mo ti ń fa ṣẹ́ẹ̀tì mi sísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo wo ohun tóun alára wọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ wàrà, tí wọ́n fi abẹ àbí nǹkan mímú la ihò tínntín tínntín sí lára kó lè ṣe ọ̀ṣọ́, aṣọ tó rún wérewère wà lọ́rùn àti lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ṣòkòtò pupa tó wú bí bọ́ọ̀lù. Dúdú sì ni aṣọ tó fẹ́ gé. Àwọn ọlọ́lá ìgbà náà ló ń jìjàdù aṣọ dúdú. Àwọ̀ tó dúdú dáadáa kì í dín owó. Nítorí náà ti oníbàárà ló wà lórí tábìlì, tirẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì rán tirẹ̀ dé ojú àmì. Ọ̀gá mi máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tó wà lára wa ló máa kọ́kọ́ kà kó tó ka páálí ìwé-ẹ̀rí tó wà lára ògiri. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn.

Àwòrán kan tún wà tí mo máa ń lọ wò bí inú mi bá bàjẹ́, ẹ̀rín ló máa ń pa mí níbẹ̀: Madame Moitessier, ti Ingres, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Obìnrin náà jókòó bí ayaba, aṣọ sílíìkì funfun tó kún fún òdòdó tẹ́ rẹrẹ yí i ká. Ọdún 1844 ni Ingres bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1856 ló parí rẹ̀. Ọdún méjìlá! Láàárín ìgbà náà, ó yí aṣọ tí obìnrin náà wọ̀ padà, torí àṣà tó wà lóde nígbà tó bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló ṣì wà lóde nígbà tó yá. Ẹni ọdún 76 ni baba náà nígbà tó fọwọ́ sí i, ó sì kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sára àwòrán, bóyá kí obìnrin náà lè ṣàánú rẹ̀. Èmi tí mo ti gbọ́ èébú nítorí aṣọ Iléyá tó fi ọjọ́ méjì pẹ́! Mo tún fẹ́ kí ẹ wo dígí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ o. Ojú obìnrin náà ń wo wá, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ni dígí sì fi hàn, ibi tí dígí kan kò lè ti rí i láyé yìí. Ingres mọ̀. Ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe dára, ó sì fi í sílẹ̀. Bí nǹkan bá wuyì tó báyẹn, èmi náà á fi í sílẹ̀.

Àmọ́ àwòrán tó kọ́kọ́ gba ojú mi láyé kò sí ní Trafalgar Square. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Mọ́kọ́lá ló wà, bébà lásán, ó ti ṣá, eruku òwú ti bò ó: obìnrin kan tó yí ọrùn díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó wé gèlè, ọrùn rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ ń wo ohun tí àwa kò rí. A kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò mọ ẹni tó yà á. “Ìyàwó ọ̀gá” ni àwa ọmọ iṣẹ́ ń pè é, ká kàn ṣáà ti rí i pé ìyàwó ọ̀gá gangan kò sí nítòsí.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, mo ṣí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i nínú ìròyìn, mo kígbe: “Ìyàwó ọ̀gá!” Wọ́n ní Tutu ni. Ben Enwonwu, ọmọ Òǹìṣà, ló yà á lọ́dún 1974, nígbà tó ń kọ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀. Adétutù Adémilúyì, ọmọ ọmọ Ọọ̀ni, ló pàdé ní Ilé-Ifẹ̀ tó bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun yà. Mẹ́ta ni irú àwòrán rẹ̀ tó yà, wọ́n sì ti wá wọn títí, a ò rí wọn. Àfi bí ọ̀kan ṣe jáde nínú fúláàtì kan ní àríwá London níbí, tí àwọn tó ni ín kò mọ ohun tó wà lára ògiri wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2018, Bonhams tà á ní gbàǹjo, owó rẹ̀ wọ £1,205,000.

Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kí wọ́n tó tà á, mo lọ wò ó. Mo ti múra sílẹ̀ láti wo aṣọ rẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́ ojú mi. N kò rí púpọ̀ níbẹ̀. Enwonwu kò jókòó ti aṣọ bíi ti Van Eyck. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì nà án kíákíá, ó gba ọ̀dọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú àti lọ́rùn lọ. Ó bí mi nínú díẹ̀. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ó yé mi pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀nà tí ọmọ ọba ń gbà gbé ọrùn, kò sí télọ̀ tó ń rán ìyẹn. Ẹ lè fi àpò wé e lórí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo bí èèyàn ṣe ń dúró kí n tó na téèpù sí i lára.

Mo ra káàdì The Tailor ní ilé àwòrán, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ mi. Lọ́jọ́ kan tí mo ń bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, tí a ń rí ara wa, ó ní kí n dúró, ta ni òyìnbó tó wà lẹ́yìn mi yẹn. Mo gbé káàdì náà súnmọ́ fóònù. Mo sọ fún un pé télọ̀ ni, ó ti lé ní irínwó ọdún tí wọ́n ti yà á, ará Ítálì ni. Ọ̀gá mi bọ awò sójú. Ó wò ó, ó wò ó. Ó ní àlùmọ́gàjí rẹ̀ dára, ó ní ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà.

Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ wo ojú rẹ̀.”

Ó ní, “Mo rí i. Bi í pé ẹni tó ni aṣọ dúdú yẹn, ṣé ó ti san àsansílẹ̀?”